Ta ló ń ka oṣù fún àgbọ̀nrín? Ìdí tí ẹran ìgbẹ́ wa fi ń bímọ nígbàkígbà, tí tòkèèrè sì ní oṣù tirẹ̀

Ní oṣù Jánúárì, a yà ra ẹran ìgbẹ́ létí títì márosẹ̀, nígbà tí a ti kọjá Ìjẹ̀bú-Òde tí a kọrí sí Ajébándélé. Ìyá ẹlẹ́ran ń kun àgbọ̀nrín kan lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Bó ṣe la ikùn rẹ̀ báyìí, ọmọ yọ, irun sì ti bo gbogbo ara ọmọ náà. Ni awakọ̀ wa bá figbe ta. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ẹran kì í lóyún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní òun wo eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tí ẹran tí ojú kò lè kà tán ti bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe lọ́dọọdún. Bàbá ọdẹ kan tó jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń wọ igbó yìí, kò sí oṣù tí n kò bá aboyún ẹtu pàdé." Ọmọkùnrin kan nínú ọkọ̀ wa, akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, wá bu epo síná: ó ní ẹran kan wà lápá gúúsù Áfíríkà tó máa ń di oyún mú sínú títí òjò á fi rọ̀.

Àwa tó kù dúró, a ń wo ẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, mo sì ti wádìí rẹ̀ dáadáa láti ìgbà náà. Bàbá ọdẹ jàre. Awakọ̀ náà sọ òótọ́ nípa eré tó wò, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ya eré náà kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Ti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló jù: àhesọ ló gbà gbọ́, àmọ́ ẹran mìíràn wà tó ń ṣe ohun tó fara jọ ọ́ ní tòótọ́.

Àwọn ẹran wo gan-an là ń sọ?

Ẹran ẹlẹ́sẹ̀ pátákò ni. Pátákò ni bàtà líle tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹran, èyí tó fi ń tẹlẹ̀, tó ń dún kò-kò-kò lórí kankéré. Nínú ilé, ewúrẹ́, àgùntàn, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹṣin ló ní in. Nínú igbó, ẹtu, àgbọ̀nrín, ẹfọ̀n àti túùkú tí í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ igbó wà lára wọn. Ọ̀yà àti òkété kò sí níbẹ̀ rárá, èékánná ni tiwọn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni màá máa lò. Gígùn ni ìgbà tí akọ gun abo. Ìgbà oyún ni iye oṣù tí oyún fi ń wà nínú. Ìbímọ ni ọjọ́ tí ọmọ balẹ̀. Ìjà tó wà nídìí ẹran yẹn kò ju pé àwọn èèyàn ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra wọn.

Ohun kan tún wà tó ń da ọ̀pọ̀ wa lójú rú. Àwọn ẹran ilẹ̀ òyìnbó tí ìwo wọn ní ẹ̀ka bí igi, àgbọ̀nrín ni àwọn atúmọ̀-èdè ń pè wọ́n. Ẹbí ọ̀tọ̀ ni. Ìwo tiwọn máa ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á hù. Àgbọ̀nrín tiwa, ẹbí màlúù àti ewúrẹ́ ni; ìwo rẹ̀ kì í já, títí tó fi máa kú ni. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ti òkè òkun, àgbọ̀nrín òyìnbó ni màá pè wọ́n kí a má baà ṣì wọ́n mú.

Ọjọ́ gígùn ni ẹran ń ṣírò, àbí ọjọ́ ìbímọ?

Ẹ jẹ́ ká mú Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, kò sí regbéregbé (ẹgbẹ́ ojúgbà) kankan tó lè yí i. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yọ lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ ka oṣù padà sẹ́yìn: ìgbà tí wọ́n máa fẹnu kò lórí aṣọ, ìgbà tí owó aṣọ máa pé, ìgbà tí aṣọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Ẹgbẹ́ tí télọ̀ tiwọn ń fi oṣù mẹ́ta ránṣọ á gbé aṣọ lọ ṣáájú ẹgbẹ́ tí télọ̀ tiwọn ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rán an. Bí ẹ bá ń ṣọ́ ìsọ̀ télọ̀, ẹ ó rò pé àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò mọ ohun tí ara wọn ń ṣe. Ẹ dúró dọjọ́ Ojúde Ọba.

Ìbímọ ni Ojúde Ọba ẹran. Gígùn ni ọjọ́ tí aṣọ dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ìgbà oyún sì ni iye ọjọ́ tí télọ̀ máa lò.

Kí ló wá dé tí ọjọ́ ìbímọ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Wàrà ni. Oyún ń gba agbára lára abo, pàápàá nígbà tó bá kù díẹ̀ kó bí, ṣùgbọ́n fífún ọmọ lọ́mú ló ń gbà á jù. Abo tí kò rí ewéko tútù jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìbímọ, ọmú rẹ̀ á gbẹ, ọmọ á kú. Ìyẹn ni pé ẹran ń fi ìgbà tí oúnjẹ pọ̀ jù ṣe ọjọ́ ìbímọ, lẹ́yìn náà ló wá ń ka oṣù padà sẹ́yìn. Kì í ṣe pé ó jókòó kà á o. Àwọn tó bí ọmọ sí àkókò tí kò dáa, ọmọ wọn ò dàgbà. Ọmọ àwọn tó bọ́ sí àkókò tó dáa ló kù sáyé, àwọn náà sì jogún àkókò yẹn.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìgbà ìrúwé ni oúnjẹ ń dé lẹ́yìn òtútù tó ti pa gbogbo koríko, láti nǹkan bí Máàṣì títí wọ Júùnù. Àgùntàn ibẹ̀ ń lóyún oṣù 5, nítorí náà ní Ọ̀kùtọ́bà àti Nòfẹ́ńbà ni àgbò ń gùn, tí ọmọ á sì dé ní Máàṣì tàbí Épírì. Àgbọ̀nrín òyìnbó tó pupa lára, èyí tó tóbi, ń lóyún nǹkan bí oṣù 8, nítorí náà ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ọ̀kùtọ́bà ni akọ ń bú ramúramù, tí wọ́n ń fìwo kan ara wọn, tí wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun títí ara wọn á fi rù. Ìparí Méè sí Júùnù ni ọmọ ń balẹ̀. Ẹṣin ń lóyún oṣù 11, ó sì di dandan kó gùn ní ìgbà ìrúwé kó tó lè bí ní ìgbà ìrúwé ọdún kejì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn ní oṣù tó yàtọ̀, àmọ́ koríko kan náà ni gbogbo wọn ń retí.

Ta ló ń sọ fún wọn pé àkókò ti tó?

Ìmọ́lẹ̀ ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán tó gùn jù nínú ọdún ju wákàtí 16 lọ, èyí tó kúrú jù kò sì pé wákàtí 8. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ̀yà kékeré kan nínú ọpọlọ ẹran máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀. Bí òru bá ṣe gùn tó ni èròjà náà ṣe ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tó. Ohun tí ara ẹran fi ń mọ oṣù nìyẹn. Òru tó ń gùn sí i ló ń jí ara àgùntàn àti àgbọ̀nrín òyìnbó fún gígùn. Ti ẹṣin yí padà, ọ̀sán gígùn ló ń jí tirẹ̀.

Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lórí èyí wá láti New Zealand. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn ni àwọn òyìnbó kó àgbọ̀nrín pupa wọn lọ síbẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìsàlẹ̀ ayé ni New Zealand wà, òtútù ti wọn ni ooru ti Yúróòpù. Àwọn ẹran náà kò rin kinkin mọ́ Ọ̀kùtọ́bà. Ní Máàṣì àti Épírì ni wọ́n ń gùn níbẹ̀ báyìí. Òru ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn kò mọ orúkọ oṣù.

Ẹ wá gbé ẹran yẹn wá sí Ìjẹ̀bú. Láàárín ọ̀sán tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù níhìn-ín, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò pé wákàtí kan: nǹkan bí ìṣẹ́jú 47 ni. Ta ni nínú wa tó tilẹ̀ ń fura? Agogo tí ẹran òyìnbó ń gbọ́ kò dún sókè níbí. Nítorí náà ni ewúrẹ́ àdúgbò fi ń bí nígbà òjò, tó ń bí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń sùn sójú títì nígbà gbogbo.

Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá yàtọ̀, kí ló dé tí ẹran inú eré yẹn ń bí papọ̀?

Ìbéèrè awakọ̀ wa nìyí, ó sì dáa gan-an, nítorí pé Serengeti ní Tànsáníà, níbi tí wọ́n ti ya eré náà, tilẹ̀ sún mọ́ àárín ayé, níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, jù wá lọ. Ẹran tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n, wildebeest ni wọ́n ń pè é: ó ní irùngbọ̀n, ó ní ìwo bíi ti màlúù, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan níbẹ̀. Oyún wọn ju oṣù 8 lọ díẹ̀. Wọ́n ń gùn ní Méè sí Júùnù, wọ́n sì ń bí ní nǹkan bí oṣù Fẹ́búárì. Nínú ọmọ 10 tí wọ́n bá bí lọ́dún kan, bíi 8 ló ń balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun àkọ́kọ́ tó fà á ni òjò. Lápá gúúsù Serengeti, koríko kúkurú kan ń hù lórí ilẹ̀ tí eérú òkè oníná ti sọ di ọlọ́ràá, ó kún fún èròjà tí egungun àti wàrà nílò. Àmọ́ òjò nìkan ló ń mú un hù, bí òjò bá sì dá, kò sí omi, kò sí koríko, gbogbo agbo á ṣí lọ sí àríwá. Oúnjẹ náà dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tí kò bá dé lásìkò, èèpo ló máa bá.

Òjò nìkan kò tó láti ṣàlàyé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Koríko náà ń wà fún oṣù bíi mélòó kan. Ohun kejì ni ìkookò (hyena), ẹran apẹranjẹ tó fẹ́ràn ọmọ wildebeest jù.

Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe ìnáwó rí nílẹ̀ yìí ló mọ mo-gbọ́-mo-yà, àwọn tí a kò pè tí wọ́n ń wá jẹun. Ká sọ pé ìnáwó kan ṣoṣo ń wáyé ní Ṣágámù ní Sátidé kọ̀ọ̀kan: gbogbo mo-gbọ́-mo-yà Rẹ́mọ lápapọ̀ á dà síbẹ̀, ìkòkò á gbẹ kí àlejò pàtàkì tó dé. Ká wá sọ pé ìnáwó 100 bọ́ sí Sátidé kan náà, ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹ̀rù, Ìlíṣàn àti Ìṣarà. Mo-gbọ́-mo-yà kan kò lè jẹ ju ikùn rẹ̀ lọ. Ìnáwó tó pọ̀ jù á lọ láìsí ìdíwọ́. Ohun tí wildebeest ń ṣe fún ìkookò gan-an nìyẹn. Ìkookò á yó, á sùn, ọmọ á sì máa balẹ̀ lọ. Kí ebi tó padà pa á, àwọn ọmọ yẹn ti lè sáré. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bá bí ọmọ wildebeest ló ń dìde dúró, á sì máa bá ìyá rẹ̀ sáré lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó bá bí ṣáájú àwọn yòókù tàbí lẹ́yìn wọn, tirẹ̀ ni ìnáwó àdáṣe.

Ó ku ẹni tó ń lu agogo fún wọn. Àwọn onímọ̀ kan kó abo wildebeest sínú ọgbà, wọ́n sì ń fi ohùn akọ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ dún sí wọn létí. Àwọn tó gbọ́ ohùn náà, àsìkò tí ara wọn fẹ́ akọ sún mọ́ra ju ti àwọn tí kò gbọ́ ọ lọ. Ariwo akọ wà lára ohun tó ń kó wọn jọ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka èyí. Bàbá mi àgbà máa ń sọ pé òbúkọ ló ń fi ohùn yí ewúrẹ́ lórí, a rò pé àwàdà ni.

Igbó tiwa ńkọ́?

Níhìn-ín, oúnjẹ kì í tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹtu ń jẹ ewé, àmọ́ èso tó bọ́ sílẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Láti Dìsẹ́ńbà wọ Máàṣì, agbálùmọ̀ wà nílẹ̀. Bí òjò bá dé, òro dé. Bí òro bá ń lọ, ìyeyè ń bọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko gbẹ lókè ọ̀hún, etí odò àti abẹ́ igi ńlá igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣì tutù. Abo tó bí ní Jánúárì á rí nǹkan jẹ, èyí tó bí ní Júláì náà á rí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáàbò bo ọmọ tún yàtọ̀. Ẹtu àti àgbọ̀nrín kì í rìn ní agbo. Ọ̀kan tàbí méjì ni ẹ ó rí. Ìyá á fi ọmọ pamọ́ sínú igbó kíjikìji, ọmọ á dùbúlẹ̀ láìmira, ìyá á wá fún un lọ́mú, á lá ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò kí òórùn má baà tú àṣírí rẹ̀, á sì lọ. Ọmọ tó fara pamọ́ ní òun nìkan kò nílò èrò láti sá sáàárín wọn. Bíbí papọ̀ kò ní èrè kankan fún un.

Oyún àgbọ̀nrín ń gbà nǹkan bí oṣù 6, ti ẹtu ń gbà nǹkan bí oṣù 7. Kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn ìbímọ tí abo fi ń gba akọ padà. Ẹ rántí ìwo tí kì í já: àgbọ̀nrín òyìnbó ní oṣù tí orí rẹ̀ ń dán tí kò lè jà, akọ àgbọ̀nrín tiwa ní ohun ìjà rẹ̀ lórí ní gbogbo ọjọ́ ọdún. Ó ti ṣe tán nígbàkígbà.

Túùkú ni kò dọ́gba pẹ̀lú wọn. Oyún tirẹ̀ kò ju bíi oṣù 4, ìbímọ rẹ̀ sì máa ń pọ̀ láàárín òpin ẹ̀ẹ̀rùn àti àárín òjò, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ fún imú tó ń fi túlẹ̀.

Ṣé ẹran lè so oyún rẹ̀ rọ̀?

Bí oyún obìnrin bá pẹ́ jù, ẹ gbọ́ ohun táyé ń sọ: wọ́n so ó mọ́ ọn nínú ni. Ẹran tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ń sọ ni impala, tó jẹ́ ẹbí àgbọ̀nrín tiwa. Lápá gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń gùn ní nǹkan bí oṣù Méè, wọ́n sì ń bí ní Nòfẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà, ìgbà tí òjò ibẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń mú àlejò rìn nínú ọgbà ẹranko máa ń sọ pé bí òjò bá pẹ́, impala á di oyún mú títí òjò á fi dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún tó bá ti ń dàgbà nínú impala, bí oṣù mẹ́fà ààbọ̀ rẹ̀ bá pé, ó ń bọ̀ nìyẹn, òjò rọ̀ o, òjò kò rọ̀ o. Bí wọ́n bá rí ọmọ tó pẹ́ kó tó dé, ọmọ abo tó gùn lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tàbí kó jẹ́ pé àwọn tó tètè dé ti kú kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn.

Àmọ́ ẹran kan ń so oyún tirẹ̀ rọ̀ láìsí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Roe deer ni orúkọ rẹ̀, àgbọ̀nrín òyìnbó kékeré kan tó pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Júláì sí Ògọ́ọ̀sì ló ń gùn. Ọlẹ̀ á dì, á dàgbà díẹ̀, síbẹ̀ ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i, á sì dúró. Kò ní lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, kò sì ní kú. Ó ń wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù 4 tàbí 5, títí wọ ìparí Dìsẹ́ńbà tàbí Jánúárì, kó tó lẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà ní tòótọ́. Méè tàbí Júùnù ni ọmọ ń dé. Ó fi àyè sílẹ̀ láàárín gígùn àti oyún, kí ìbímọ lè bọ́ sí ìrúwé. Ó dà bí ẹni tó sanwó télọ̀ lóṣù Ògọ́ọ̀sì, tó ní kí wọ́n má tíì gé aṣọ títí di ọdún tuntun.

Bí ojú ọjọ́ bá wá yí padà ńkọ́?

Ibí ni agogo ìmọ́lẹ̀ ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Ayé ń gbóná, ìrúwé ń tètè dé, àmọ́ bí òru ṣe ń gùn tó kò yí. Ní Faransé, roe deer kò tíì yí ọjọ́ ìbímọ rẹ̀ padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé ń tètè rú, ọmọ wọn sì ń dé bá ewé tó ti ń gbó. Ohun tó fara jọ ọ́ ń ṣẹlẹ̀ sí caribou, àgbọ̀nrín òyìnbó ilẹ̀ olótùútù, ní Greenland. Àgbọ̀nrín pupa ní erékùṣù Rum ní Skọ́tlándì sàn jù: ọjọ́ ìbímọ wọn ti ń fi nǹkan bí ọjọ́ 3 yá sí i ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá láti bíi 1980.

Ṣé a lè ya oṣù kan sọ́tọ̀ tí ọdẹ kò ní yìnbọn?

Ìyá ẹlẹ́ran ló béèrè èyí, bó ṣe ń dì ẹran wa sínú ọ̀rá. Ó gbọ́ pé òyìnbó ní oṣù tí ọdẹ kì í wọ igbó, ó ní kí ló dé tí àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ wọn, ó bá ọgbọ́n mu. Bí ìbímọ bá wà ní oṣù kan tàbí méjì, ẹni tó bá ti igbó láàárín oṣù yẹn ti dáàbò bo ọmọ gbogbo ọdún. Níbí, oṣù wo lẹ fẹ́ tì? Bí ẹ bá ti Júùnù, aboyún Nòfẹ́ńbà wà nínú ewu. Nítorí pé abo ẹtu kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi láàárín oyún kan àti èkejì, abo tó bá ti dàgbà tí ìbọn bá bà, ó ṣeé ṣe kó lóyún tàbí kó ní ọmọ tó fi pamọ́ síbì kan tó ń dúró dè é. Ní tèmi, ibi ni a lè tì, kì í ṣe oṣù. Ìjọba ti ya igbó Ọmọ sọ́tọ̀ láti 1925, wọ́n sì tún ya apá kékeré kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1946 pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìlànà yẹn bá bí ẹran wa ṣe ń bímọ mu ju oṣù àyálò lọ, bí a bá ń pa á mọ́ o.

Mo bi bàbá ọdẹ bóyá àwọn kì í fi abo sílẹ̀. Ó ní bàbá òun kì í pa èyí tí wàrà bá wà lọ́mú rẹ̀, ọ̀sán ni bàbá òun sì ń dẹ̀gbẹ́. Ó tọ́ka sí tọ́ọ̀ṣì tó so mọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní òru ni àwọn ń lọ báyìí, ojú ẹran nìkan ni tọ́ọ̀ṣì sì ń fi hàn, kì í fi ọmú hàn.